Omi Antarctica ní ìsàlẹ̀ òkun Gulf of Guinea: báwo ni ó ṣe débẹ̀?

Olùkọ́_Àgbádárìgì béèrè pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sì jìnnà sí etí òkun, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ kì í bi mí ní nǹkan nípa òkun. Nínú ìwé tí a ń lò, wọ́n kọ ọ́ pé omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú òkun tí ó wà níwájú wa yìí, láti Èkó dé Kutonú títí dé Lọmé, kì í ṣe omi agbègbè wa rárá, pé ẹ̀bá ilẹ̀ yìnyín Antarctica ni ó ti wá. Ìwé náà kò ṣàlàyé kankan lé e lórí. Ó kàn to orúkọ àwọn ẹ̀yà omi jọ, ó kọ ìwọ̀n ìgbóná àti ìwọ̀n iyọ̀ sí iwájú wọn, ó sì kọjá lọ.

Ohun tí ó rú mi lójú ni pé omi kò ní ààlà. Bí a bá da omi tútù sínú omi gbígbóná, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Báwo wá ni omi ṣe lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Antarctica dé ọ̀dọ̀ wa, kí ó má sì pàdánù ìwà tí ó gbé ti ibẹ̀ wá? Ta ni ó sì tọpa rẹ̀ tí ó fi dá wọn lójú pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà? Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ ìdáhùn kúkúrú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́n; àlàyé tí kò bá dúró dáadáa, wọn yóò tú u palẹ̀ níwájú mi.

Ọmọ_Olókun dáhùn pé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Òótọ́ ni ìwé yín sọ. Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú òkun, nítorí pé ojú òkun ni omi ti ń gba ìwà rẹ̀. Níbẹ̀ ni oòrùn ti ń mú un gbóná, tí afẹ́fẹ́ ti ń mú un tutù, tí òjò àti odò ti ń bomi la iyọ̀ rẹ̀, tí oòrùn àti atẹ́gùn sì ti ń fà á gbẹ títí iyọ̀ yóò fi pọ̀ nínú èyí tí ó ṣẹ́kù. Ní kété tí omi bá ti rì kúrò lójú òkun, òjò kò lè bá a mọ́, oòrùn kò lè bá a mọ́, kò sì sí ohun tí ó lè yí iyọ̀ rẹ̀ padà àfi kí ó pàdé omi mìíràn kí wọ́n sì dà pọ̀. Ìgbóná àti iyọ̀ tí ó gbé kúrò níbi tí ó ti rì yóò wà lára rẹ̀ bí ilà ojú tí wọ́n kọ fún ọmọ ní ìlú rẹ̀: ibikíbi tí ó bá dé, ẹni tí ó mọ ilà yóò mọ ibi tí wọ́n ti bí i. Omi púpọ̀ tí ó ti ibì kan náà wá, tí ìgbóná àti iyọ̀ rẹ̀ sì jọra, ni a ń pè ní ẹ̀yà omi kan.

Ìwúwo ni ó ń pinnu ibi tí ẹ̀yà omi kọ̀ọ̀kan yóò rì dé. Omi tútù wúwo ju omi gbígbóná lọ, omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ sì wúwo ju èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kéré lọ. Lítà kan omi òkun máa ń wúwo tó kìlógíráàmù kan àti nǹkan bí gíráàmù 25, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín àwọn ẹ̀yà omi inú ibú kò tó gíráàmù kan. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kékeré yìí tó láti tò wọ́n lé ara wọn lórí, nítorí pé omi tí ó fúyẹ́ kò lè wọ abẹ́ èyí tí ó wúwo àfi bí nǹkan bá fi agbára tì í wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀kalẹ̀ láti ojú òkun tiwa. Lókè pátápátá ni omi gbígbóná tí gbogbo wa mọ̀ wà, èyí tí ó máa ń tó dígírì 28. Kò nípọn: kí a tó sọ̀kalẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà, ìgbóná rẹ̀ ti ń já wálẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ kéré, kì í sábà tó gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù kan, nítorí pé òjò wa pọ̀, Odò Ọya àti Odò Kóńgò sì ń da omi sínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyanu àkọ́kọ́ wà, ìyẹn omi kan tí iyọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 36, tí ó tilẹ̀ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ojú òkun wa kò lè ṣe irú omi bẹ́ẹ̀. Ìhà Bràsíl ni oòrùn ti fà á gbẹ tí iyọ̀ rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣàn kan tí ó ń sáré lábẹ́ ojú òkun láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, lórí ìlà àárín ayé gan-an, ni ó sì gbé e wá fún wa. John Young Buchanan, onímọ̀ òkun ará Skọ́tíláǹdì, ti ṣàkíyèsí ìṣàn yìí láti inú ọkọ̀ Buccaneer ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí àwọn onímọ̀ yòókù tó kọbi ara sí i.

Ní nǹkan bí mítà 700 sí 800, iyọ̀ tún ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 34.5, ìgbóná sì ti di dígírì 5. Omi yìí rì ní etí àríwá ìṣàn ńlá tí ó yí Antarctica ká, níbi tí òjò àti yìnyín ti ń fi omi aláìníyọ̀ kún òkun ju èyí tí afẹ́fẹ́ ń fà lọ. Láti bí mítà 1,200 dé bí 4,000, iyọ̀ tún gòkè padà sí nǹkan bí 34.9, ìgbóná sì wà láàárín dígírì 2 sí 4: omi àríwá nìyí, láti ẹ̀bá Greenland àti Labrador, níbi tí omi oníyọ̀ tí ó gòkè wá láti ilẹ̀ olóoru ti pàdé afẹ́fẹ́ òtútù tí ó gba gbogbo ooru ara rẹ̀. Nínú ìgbà òtútù tí ó bá le, ìjì àti òtútù lè po Òkun Labrador pọ̀ láti òkè dé ibú tí ó tó mítà 2,000. Ibi tí òkun wa bá ti kọjá mítà 4,000 ni ipa omi Antarctica tí ìwé yín ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, iyọ̀ ń gòkè, ó ń wálẹ̀, ó tún ń gòkè. Bí ó bá jẹ́ pé ojú òkun tiwa ni gbogbo omi yẹn ti rì, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ó kù bí omi Antarctica náà ṣe ń dá sílẹ̀, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé. Ní ìgbà òtútù, omi Òkun Weddell àti ti Òkun Ross, òkun méjì tí ó wà ní etí Antarctica, máa ń tutù títí dé nǹkan bí dígírì 1.9 lábẹ́ òdo kí ó tó dì. Nígbà tí omi òkun bá ń di yìnyín, yìnyín kì í gba iyọ̀ náà tán. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ó máa ń tì jáde sínú omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí yìnyín náà bá dúró sójú kan, yóò bo omi mọ́lẹ̀, òtútù kò ní rọ́nà wọlé dáadáa mọ́, iṣẹ́ yóò sì falẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan, bí i Terra Nova Bay ní etí Òkun Ross, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń já bọ́ láti orí òkè yìnyín wá sí etí omi, yóò sì máa ti yìnyín tuntun lọ sí agbami bí ó ti ń dì. Omi yóò ṣí sílẹ̀, òtútù yóò tún dì í, afẹ́fẹ́ yóò tún tì í lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí nígbà gbogbo tí afẹ́fẹ́ náà bá ń fẹ́, tí iyọ̀ yóò máa rọ̀ sínú omi ìsàlẹ̀. Omi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, yóò wúwo ju gbogbo omi tí ó yí i ká lọ. Yóò wá yọ̀ gẹ̀rẹ́ láti etí ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ibú, yóò sì máa gba omi mìíràn mọ́ra bí ó ti ń lọ.

Láti Òkun Weddell, ó gba ìhà Ajẹntínà àti Bràsíl gòkè wá. Kò lè gba ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà wá tààrà, nítorí pé òkè kan tí wọ́n ń pè ní Walvis Ridge, tí ó na ara rẹ̀ lábẹ́ òkun láti etí Namibia lọ sí ọ̀nà àárín Àtìláńtíìkì, dí i lọ́nà. Ó di ìlà àárín ayé kí ó tó rí ọ̀nà gbà kọjá sí ìhà tiwa, nípasẹ̀ àfonífojì jíjìn méjì, Romanche àti Chain, tí wọ́n gé òkè ńlá abẹ́ omi tí ó wà ní àárín Àtìláńtíìkì kọjá. Romanche jìn ju mítà 7,000 lọ níbi tí ó ti jìn jù. Ibẹ̀ ni omi Antarctica ti yọ sí wa.

Atukọ̀_Ìlàjẹ béèrè pé:

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run yóò fi kún ìmọ̀ yín. Fídíò kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí omi òkun méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ ti pàdé, tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì ń sọ pé wọn kò lè dà pọ̀ láéláé. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí omi náà máa ń rí i ní ẹnu ọ̀nà Èkó lẹ́yìn òjò ńlá: omi ọ̀sà tí ó pọ́n bí amọ̀ yóò jáde pàdé omi òkun, ìlà kan yóò sì wà láàárín wọn, tí ìfófòó, ewéko àti pàǹtírí yóò kó jọ sí. Ṣé irú ẹ̀yà omi tí ẹ ń sọ nìyẹn?

Arábìnrin_Ibú dáhùn pé:

Ẹ kú ojú omi, ọ̀gá atukọ̀. Ohun tí ẹ rí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹni inú fídíò náà sọ kì í ṣe òótọ́. Àwọ̀ méjì tí ó wà nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti etí òkun Alaska, jẹ́ àwọ̀ erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tí omi yìnyín yíyọ́ kó wá láti orí òkè, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ rí ní Èkó ti jẹ́ ẹrẹ̀ tí òjò fọ̀ sínú ọ̀sà. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ń léfòó lórí èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, àwọn méjèèjì sì ń sún pàdé ara wọn níbi ìlà náà, èyí ni ó ń kó ìfófòó àti pàǹtírí jọ síbẹ̀. Bí ìgbì àti afẹ́fẹ́ bá ti bá wọn jà, wọn yóò dà pọ̀.

Nínú ibú náà, kò sí ògiri láàárín ẹ̀yà omi kan àti èkejì. Bí a bá sọ ohun èlò ìwọ̀n sọ̀kalẹ̀, a kì í rí ibi kan tí omi àríwá ti parí tí ti Antarctica sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ńṣe ni ọ̀kan ń rọra di èkejì láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ilà tí Ọmọ_Olókun fi ṣe àpèjúwe máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ ìyẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó ṣá kíákíá ni pé kí omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ tó lè dà pọ̀, ohun kan ní láti gbé omi wúwo sókè kí ó sì ti omi fúyẹ́ sísàlẹ̀, agbára tí ó lè ṣe ìyẹn kò sì pọ̀ nínú ibú tí afẹ́fẹ́ kò dé. Omi lè tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láìtíì dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lókè rẹ̀. Nínú ife tí Olùkọ́ ń fọkàn rò, ẹni tí ó da omi náà ni ó pò ó.

Ibi tí agbára wà, ó máa ń dà pọ̀ gan-an. Àfonífojì Romanche jẹ́ ọ̀kan. Omi Antarctica dé ẹnu rẹ̀ ní ìhà Bràsíl nígbà tí ìgbóná rẹ̀ kò tíì tó dígírì kan. Nínú rẹ̀, ó ní láti gun àwọn òkè tóóró kọjá kí ó sì ya wálẹ̀ ní ẹ̀yìn wọn, ìyawálẹ̀ yìí sì ń lọ́ ọ pọ̀ mọ́ omi àríwá tí ó wà lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá máa yọ sí ìhà tiwa, ìgbóná rẹ̀ ti kọjá dígírì kan àti ààbọ̀. Nítorí náà, Olùkọ́, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun wa jẹ́ omi Antarctica tí omi àríwá ti là.

Omi Mẹditaréníà tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń kọjá 38 bí ó ti ń gba abẹ́ ojú omi Gibraltar, ọ̀nà omi tóóró tí ó wà láàárín Spéìn àti Mòrókò, jáde sí Àtìláńtíìkì, lórí òkè abẹ́ omi tí kò jìn ju nǹkan bí mítà 300 lọ. Ní ẹnu ọ̀nà yẹn, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò rò pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò já sí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń já lọ sísàlẹ̀, ó ń gba omi Àtìláńtíìkì tí ó fúyẹ́ mọ́ra, ó ń fúyẹ́ sí i, títí yóò fi dúró ní nǹkan bí mítà 1,000, tí yóò sì tàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn níbẹ̀.

Akọ̀wé_Ìtàn dáhùn pé:

Olùkọ́ béèrè ẹni tí ó tọpa omi náà, mo sì fẹ́ dáhùn apá yẹn. Ní ọdún 1751, Henry Ellis, ọ̀gá ọkọ̀ òwò ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Earl of Halifax, fi okùn sọ garawa kan sínú agbami Àtìláńtíìkì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Aṣálẹ̀ Sàhárà. Garawa náà ní ìdérí lókè, ó ní òmíràn nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣí sókè: bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí wọ́n bá ti ń fà á bọ̀, ìdérí méjèèjì yóò padé, omi ibú yóò sì há sínú rẹ̀. Ojú òkun gbóná tó bí dígírì 29 lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n omi tí ó fà láti ibú tí ó lé ní mítà 1,600 kò ju bí dígírì 12 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbóná díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ellis kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé omi tútù yìí wúlò fún wíwẹ̀ àti fún mímú wáìnì tutù. Inú irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sóko ẹrú ni ìmọ̀ yìí ti jáde, mo sì gbà pé ó yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tí a bá ń kọ́ wọn.

Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, Count Rumford, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rò ó jinlẹ̀ pé kò sí bí òtútù bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà lábẹ́ oòrùn olóoru àfi bí omi náà bá ti ìhà òpin ayé méjèèjì ṣàn wá. Iṣẹ́ tí ó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún Àtìláńtíìkì ni ti ọkọ̀ Meteor ti Jámánì, láàárín ọdún 1925 sí 1927. Wọ́n la òkun náà kọjá láti Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà léraléra, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà láti fa omi láti oríṣiríṣi ibú, wọ́n sì ń wọn ìgbóná, iyọ̀ àti ọ́síjìn rẹ̀. Georg Wüst, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ inú ọkọ̀ náà, wá ń wá ibi tí iyọ̀ ti kéré jù tàbí tí ó ti pọ̀ jù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ó sì tọ̀ ọ́ láti ibùdó kan dé èkejì títí dé ibi tí omi náà ti rì.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó tuntun ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn gáàsì CFC tí wọ́n ń lò nígbà kan rí nínú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí wọn nínú ayé tẹ́lẹ̀, nítorí náà omi tí a bá bá wọn nínú rẹ̀ ti ní láti wà lójú òkun lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n dé. Àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1985 tí ó fi hàn pé gáàsì náà ti wà ní nǹkan bí mítà 1,600 lórí ìlà àárín ayé nínú Àtìláńtíìkì, nínú omi tí ó kúrò lójú òkun ní ìhà Labrador ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì dé ìlà àárín ayé, apá kan yà sí ọ̀dọ̀ wa.

Olùkọ́_Àgbádárìgì kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tọkàntọkàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Àwọn apẹja tí wọ́n ń ti Lọmé bọ̀ sọ fún wa pé ní oṣù kẹjọ, omi òkun máa ń tutù lójijì, ẹja ṣáwá á sì pọ̀. Ṣé omi Antarctica ni ó ń gòkè wá nígbà náà?

Ọmọ_Olókun dáhùn pé:

Rárá, Olùkọ́, èyí kì í ti ibi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ wá. Láti oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án, omi tí ó wà lábẹ́ omi gbígbóná máa ń gòkè wá sí ojú òkun ní etí Ivory Coast àti Gánà, ó sì máa ń nà dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ìgbóná ojú òkun á sì bọ́ sí abẹ́ dígírì 25. Ibi tí omi náà ti ń wá kò tó ọgọ́rùn-ún mítà sí ìsàlẹ̀. Ó rì láti ojú òkun ní àárín gúúsù Àtìláńtíìkì, kì í ṣe ní ẹ̀bá yìnyín. Ó kún fún oúnjẹ àwọn ewéko kéékèèké inú omi, ìdí nìyẹn tí ṣáwá fi ń pọ̀. Òtútù ojú òkun yìí tún wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí òjò fi máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nínú oṣù kẹjọ.

Omi ibú ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó padà sójú òkun. Púpọ̀ nínú omi àríwá ń gòkè ní ìhà Antarctica, níbi tí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn ti ń ti omi ojú òkun sí àríwá tí èyí tí ó wà lábẹ́ fi ń gòkè dí àyè rẹ̀. Èyí tí ó bá gba ọ̀nà Òkun Pàsífíìkì lọ lè lò tó ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, nítorí náà ìhà àríwá Pàsífíìkì ni omi tí ó pẹ́ jù nínú ibú wà. Ojú òkun níbẹ̀ kò ní iyọ̀ tó, òtútù yòówù tí ì báà mú un, kì í wúwo tó láti rì dé ìsàlẹ̀.

Fún kíláàsì yín, ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ lọ wá àkọsílẹ̀ Argo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tí ń léfòó ni wọ́n, tí ń sọ̀kalẹ̀ sínú ibú láti wọn ìgbóná àti iyọ̀ omi, wọ́n tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin káàkiri òkun ayé, ọ̀fẹ́ sì ni àkọsílẹ̀ wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ọ̀kan tí ó wà ní Gulf of Guinea. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi iyọ̀ sí ìsàlẹ̀ pépà, kí wọ́n fi ìgbóná sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì to àmì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bjørn Helland-Hansen, onímọ̀ òkun ará Nọ́wè, ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1916. Wọn yóò rí ìlà náà tí yóò yà sí ọ̀tún níbi omi Bràsíl, tí yóò tẹ̀ wọnú sí òsì ní nǹkan bí dígírì 5, tí yóò sì tún máa yí padà sí ọ̀tún bí ó ti ń bọ́ sínú omi àríwá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kì í kọjá mítà 2,000, nítorí náà omi Antarctica kò ní hàn nínú àwòrán wọn. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà máa wá a kiri.